Ẹ JẸ́ KÍ A LỌ SÙN NÍ AHÉRÉ

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. A ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, a ti fi í bẹ̀rẹ̀ àròkọ, a sì ti fi í parí àròkọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi òwe náà bá wí. Inú igbó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ń kà ti wá: ìjálá, ìrèmọ̀jé, ọfọ̀, àlọ́ ìjàpá, títí kan ìtàn àròsọ Fágúnwà. Àwa tí a ń kà wọ́n ńkọ́? Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń wo igbó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí yóò gba oyè nínú ìmọ̀ Yorùbá sùn ní ahéré, ní etí igbó, fún òru mẹ́ta ó kéré tán, kí ó tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́.

Mo mọ̀ pé bí mo ti sọ ọ́ yìí, àwọn kan yóò bú sẹ́rìn-ín. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá fẹ́ bú ẹnì kan kí ó dùn ún dé egungun, "ará oko" ni a ń pè é. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń lo fọ́ọ̀kì, ará oko ni. Ẹni tí ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀ bá hàn lẹ́nu rẹ̀, ará oko ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ni a ń bú? Àwọn ará oko yìí náà ni a ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá nígbà tí ó bá di ọdún tí a ó kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a ó fi owó díẹ̀ lé bàbá oníjàálá lọ́wọ́, a ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì ti wọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Ohùn ni a gbà wálé. A kò mọ igi tí bàbá ń kì, a kò mọ ẹranko tí ó ń kì, a kò sì mọ bí ibi tí wọ́n ń gbé ti rí.

Ẹlẹ́yẹlé ni ilé àwọn òbí mi wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú ọ̀rọ̀ mi. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kì í ṣe inú àwọn ilé alájà tí a ń rí lónìí ni wọ́n sùn. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n sùn, nínú àwọn ilé onígbà díẹ̀ tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà kí wọ́n tó kó lọ sí ibi tí Yunifásítì Ìbàdàn wà nísinsìnyí. Chinua Achebe wà nínú àwọn tí ó wọlé ní ọdún 1948 náà. Nígbà yẹn, adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1942 ni wọ́n sé Odò Ọ̀nà kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu, wọ́n sì dá igbó sí, wọ́n gbin igi kún un, kí ilẹ̀ má baà máa ya sínú omi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé játijàti létí igbó kò bá ara wọn tan. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú, orí òkè ni òun àti àwọn tí ó kù sá lọ. Òkè ni ó bò wọ́n, igbó ni ó sì bọ́ wọn. Èso òro ni wọ́n ń jẹ, ìgbín ni wọ́n fi ń ṣe ẹran, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Lọ́dọọdún ni Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè náà. Ìlú ńlá tí ó ń fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ará oko ni òun náà nígbà kan rí.

Bí ẹnì kan bá ti Ẹlẹ́yẹlé gba Apáta, tí ó kọjá Ọmi-Adió, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, yóò dé agbègbè kan tí a ń pè ní Olókemejì. Orúkọ náà ti tú ara rẹ̀: ibẹ̀ ni òkè méjì wà, Odò Ògùn sì ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Ní 1899, ìjọba amúnisìn sọ igbó Olókemejì di igbó ìjọba, ó sì wà lára àwọn igbó ìjọba àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà 6,000. Àwọn tí ń kọ́ nípa igi ní ilẹ̀ òkèèrè mọ orúkọ Olókemejì dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú àwa tí a wà nítòsí, bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá, bóyá ni ẹnì kan yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó gbé orúkọ ibẹ̀ lọ jìnnà ni ìdánwò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1929. Wọ́n wọn ilẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkínní, wọ́n ń finá sun ún lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ pátápátá. Èkejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ti di koríko pẹ̀lú igi mélòó kan. Èyí tí iná tètè ń jó ní igi jù ú lọ. Èyí tí iná kò kàn ti di igbó, òjìji igi sì ti pa koríko ibẹ̀ run. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí i, iná nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ sí i. Ẹ wá rántí pé Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn àgbà sọ pé orúkọ Ìbàdàn ti jáde. Àwa tí a ń túmọ̀ orúkọ náà fún àlejò, ǹjẹ́ a ti bi ara wa léèrè rí ohun tí ó ń sọ ilẹ̀ di ọ̀dàn?

Nínú ọlidé tí ó kọjá, mo sùn fún òru mẹ́rin ní ahéré ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóko. Ahéré náà wà létí agbègbè Olókemejì yìí. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, yóò máa wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá tí ó bí ìyá mi ni ó kọ́ ọ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ògiri amọ̀ ni, bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ìdajì rẹ̀, páànù ni wọ́n kàn mọ́ ìdajì kejì. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn kò kan páànù délẹ̀. Wọ́n ní apá ibi tí ààrò àti àjà wà ni wọ́n fi bẹẹrẹ sílẹ̀ fún. Èéfín ààrò ń gòkè lọ bá àgbàdo lórí àjà, ó ń gbẹ ẹ́, ó sì ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Bẹẹrẹ ń jẹ́ kí èéfín náà rọra jáde, kò sì jẹ́ kí ooru mú ènìyàn lọ́sàn-án. Gbogbo wa ni a ti kà pé ní ayé àtijọ́ àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ a máa ru koríko bẹẹrẹ lọ fún Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ. Èmi náà kà á. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá Bàbá gun òrùlé lọ di ibi tí ó ń jò ni mo tó mọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, tí mo sì mọ ìdí tí ọba fi lè fi koríko lásán mọ ẹni tí ó ń sìn ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ ìtàn ìdánwò iná ti 1929 fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n fi igi síná, wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yunifásítì, iná ni ó ń bí ọ̀dàn. Ilẹ̀ tí iná bá gbàgbé, igbó ni yóò gbà á." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò sọ pé kí a má ṣe ìwádìí mọ́. Ìwádìí ni ó wọn ọ̀rọ̀ náà, tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ náà wà nínú èdè wa, ní gbólóhùn méjì, lẹ́nu ẹni tí kò wọ yàrá ìkàwé rí. Kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ bí kò ṣe ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ nígbà tí alẹ́ lẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún pọ̀. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi túmọ̀ igbó, ìgbẹ́, ijù, ẹgàn àti ẹ̀lùjù. Ní ahéré, ẹni tí ó bá pe ẹgàn ní ìgbẹ́ lè ṣìnà. Oko etílé yàtọ̀ sí oko ẹgàn, àkùrọ̀ sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Wọn kì í sọ pé "aago márùn-ún ti lù". Ìdájí wà, àfẹ̀mọ́júmọ́ wà, ìyálẹ̀ta wà, iṣẹ́ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu sì wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹyẹ dúdú kan bà sórí igi nítòsí wa. Bàbá ní kí n fara balẹ̀, kí n máa wò ó. Nígbà tí ó na ìyẹ́ láti fò, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Àlùkò ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ tí àwọn àgbà ń fi àlùkò àti osùn ṣàdúrà, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí. Ẹyẹ náà kì í fi osùn rẹ̀ han ẹni tí kò bá dúró wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ ahéré di ọ̀run. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Eku ń sáré lórí àjà ní gbogbo òru. Èéfín ń ta ojú. Omi jìnnà, bí ara bá sì ń ro ènìyàn, ilé ìwòsàn kò sí nítòsí. Àwọn ọmọ Bàbá Olóko wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ padà wá gbé ibẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Bàbá sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara wọn pé bí àwọn bá ti kú, òjò ọdún méjì ti tó láti wó ahéré náà. Iná ààrò ni ó ń tọ́jú òrùlé bẹẹrẹ. Bí kò bá sí ẹni tí ń dáná, ikán yóò jẹ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú ewu nìyí. Kì í ṣe ògiri amọ̀ nìkan ni yóò wó. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé ibẹ̀ yóò bá a wó.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ igi. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní ibòmíràn lókè òkun, àwọn oníṣòwò pákó ń tà ìrókò, ìdígbó àti afàrà, orúkọ tí àwa fún wọn náà ni wọ́n sì fi ń tà wọ́n. Àwọn kápẹ́ńtà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń fi orúkọ wa pe igi, wọ́n sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹ wá mú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan lọ sí igbó, kí ẹ ní kí ó fi ìdígbó hàn yín. Ní Jẹ́ríkò, tí kò jìnnà sí Ẹlẹ́yẹlé, ibùdó ìwádìí igbó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954 wà níbẹ̀, ewéko gbígbẹ tí wọ́n sì tọ́jú síbẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tí R. W. J. Keay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé Nigerian Trees, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1960 tí apá kejì sì jáde ní 1964, wọ́n kọ orúkọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn igi náà. Àwọn onímọ̀ igi mọ iyì orúkọ wọ̀nyí. Kí ni àwa tí a ni ín ń ṣe?

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò sọ pé igbó ìjọba jẹ́ ohun tí òyìnbó fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa, pé ilé ìsinmi tí wọ́n kọ́ sínú irú igbó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ilé ọ̀gá, àwa kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣàfẹ́rí rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ń dẹ igbó kan láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé bá ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń gba ìwé àṣẹ kí ó tó gé igi níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ahéré, tí n kò fi ṣíwájú pẹ̀lú ilé ìsinmi òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé òyìnbó ti lọ láti 1960. Oko àti ayùn àwa fúnra wa ni ó ti jẹ púpọ̀ nínú igbó Olókemejì, ilé tí àwa fúnra wa ń kọ́ ni ó sì ń wọ inú igbó Ẹlẹ́yẹlé lójoojúmọ́. Ẹ̀bi tí ó kù, tiwa ni.

Àwọn mìíràn yóò sọ̀rọ̀ ewu, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́jùsẹ́yìn. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ igbó wa di ibi ẹ̀rù. Nítorí wọn ni àwọn ìpínlẹ̀ wa fi dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wọ igbó. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ wọ́n níyà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò mọ̀, kí Amọ̀tẹ́kùn mọ̀, kí baálẹ̀ mọ̀, kí a sì lọ ní ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: bí gbogbo ẹni rere bá sá fún igbó, ta ni a fi igbó sílẹ̀ fún? Ahéré tí iná ń jó nínú rẹ̀ lálẹ́, ojú ni ó jẹ́ nínú igbó. Bí ahéré bá ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tán nínú igbó.

Àwọn ẹ̀ẹ̀kẹta yóò ní ẹ̀kọ́ igi kì í ṣe ti ẹ̀ka wa, pé ẹ̀ka tí ń kọ́ nípa igbó wà, tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti 1963. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà máa ń lọ ṣiṣẹ́ nínú igbó. Wọ́n mọ orúkọ igi ní èdè Látìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kò retí kí ẹ̀ka mìíràn bá òun wá ìjálá. Ẹnu àwọn oníjàálá ni ó ti gbà á kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966, ìwé náà ni a sì ń gbé sọ́wọ́ di òní olónìí.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Èkínní, kí àwọn olùkọ́ wa fi òru mẹ́ta ní ahéré sínú ẹ̀kọ́ ọdún kejì, kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa sanwó fún àwọn onílé ahéré, kí a má ṣe jẹ oúnjẹ wọn lófo. Owó náà ni wọn yóò fi ra bẹẹrẹ tí wọn yóò fi bo ilé. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ogún ọ̀rọ̀ wálé tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ẹni tí ó ni ahéré, kí a sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́dọọdún. Bí ogún ènìyàn bá lọ, irinwó ọ̀rọ̀ nìyẹn ní ọdún kan. Bí ọ̀nà bá jìn lójú wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sán ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé tí ó wà nítòsí wa, kí ọdẹ kan àti fọ́rẹ́sítà kan mú wa rìn nínú ohun tí ó kù nínú igbó ibẹ̀.

Lọ́dọọdún ni a ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Yorùbá. A ń wọ aṣọ òfì, a ń jẹ iyán, a ń háyà ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù, a sì ń pe oníjàálá wá sórí pèpéle wá kì fún wa. Ó dára, kí a máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n owó ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó láti gbé ogún wa dé ẹsẹ̀ òkè Olókemejì. Bàbá Olóko ti sọ fún mi pé àyè wà, ẹní wà, kí a ṣáà gbé àpò ẹ̀fọn tiwa dání. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ má jẹ́ kí òjò ọdún méjì náà rọ̀ bá wa lórí àga.